Wolé-Wolé àti Ọmọ Rẹ̀ Tó Ń Ṣọ́ Ooru Òkun

Bí ẹ bá gbé omi fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò ní mu ún lójú ẹsẹ̀. Á gbé ife sókè sójú ìmọ́lẹ̀, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá bi yín pé níbo lẹ ti pọn ọ́n. Bí ẹ bá ní kànga ni, á ní kànga ta ni. Bí ẹ bá ní omi inú ọ̀rá ni, ẹ ti dá kún un nìyẹn, á ní ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Mo ti rí i níbi ìsìnkú kan tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ débi pé ètè rẹ̀ ń bó, síbẹ̀ kò fẹnu kan omi tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tó ti wá.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Iṣẹ́ tó ṣe ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Reuben Adébùsóyè lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo Oǹdó ń pè é, nítorí iṣẹ́ wolé-wolé ló ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé onílé ló ń wọ̀ kiri nígbà náà, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ṣáláńgá, tó ń yọjú sí ilé ìdáná. Gbogbo ilé tó bá wọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé, "Ọ̀gá, àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi yẹn," tí tanwíji á sì máa jó nínú omi náà níwájú ẹni tó ń búra. Ẹ bá mi rò ó, ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún láràárọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, kí lẹ fẹ́ kó dà? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé dàgbà, èmi Monílọ́lá, àti Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin sì ni. Mo mọ ohun tí ojú wa rí. Bí a bá ní a ti jẹun, á ní ká ya ẹnu. Bí a bá gba ipò kìíní wálé, á bi wá pé àwọn mélòó ló ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò. Èmi máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, mo sì máa ń sín in jẹ bó bá ti kẹ̀yìn. Ẹ̀bùn kì í rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni ọmọ yẹn ti fẹ́ ohun kan péré lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: kó gba òun gbọ́. Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó fi omijé sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó lọ bọ́jú, pé bàbá tí Ọlọ́run fún un nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sí oko ní Bọ́lọ́rundúró. Bàbá tirẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìjọ́un kọ́kọ́ pín ilẹ̀ oko fún níbẹ̀. Kòkó ló wà lórí ilẹ̀ náà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, mo sì máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀bùn kàwé títí, ó di olùkọ́ ní yunifásítì kan l'Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ojú ọjọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún Bàbá, mo wà níbẹ̀. Ó ní òun ń wo bí ojú òkun ṣe ń gbóná sí i yí àwọn erékùṣù kan ká, Fanandó Pó àti Sàó Tomé àti àwọn mìíràn tó wà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ Kàlàbá. Ó ní láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ooru náà ti ń gòkè, òun sì fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí òjò tiwa.

"Òkun wo ló wà l'Àkúrẹ́?" ni Bàbá bi í.

"Kò sí, Bàbá. Sátẹ́láìtì ló ń wò ó láti òkè. Èsì rẹ̀ ló ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà wa."

"Ta ló ni sátẹ́láìtì?"

"Àwọn òyìnbó ni, Bàbá."

"Òyìnbó á wá máa fún ọ ní ohun tó fi owó rẹ̀ wá, lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ẹ̀bùn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Irú "ó dáa" tó máa ń sọ fún àwọn tó ní àná làwọn pààrọ̀ omi ni. Mo rí i bí ojú Ẹ̀bùn ṣe rọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ò ti sinmi mọ́. Bí mo bá dé oko, á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Monílọ́lá, ṣé ó dá ọ lójú pé wọn ò tíì lé ọmọ yìí kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Odò Àlá ni mo mọ̀ l'Àkúrẹ́. Ta ló ń jókòó s'Àkúrẹ́ tó ń wo òkun?" Ní ọ̀sẹ̀ kan, á ní ọkùnrin kan ló ń bọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, á ní àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ló ń lò ó. Nígbà tí ìròyìn àwọn ọmọ Yàhúù wá pọ̀ lórí rédíò, ẹ̀rù bà mí gan-an pé ibẹ̀ ló máa bá ọ̀rọ̀ já, ó sì bá a já síbẹ̀ lóòótọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí ariwo kòrónà ti rọlẹ̀, Bàbá ní ká lọ s'Àkúrẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ kí Ẹ̀bùn. Mo ní jẹ́ kí n pè é lórí fóònù pé à ń bọ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù mi, ó jù ú sápò dàńsíkí rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi pé kì í ṣe ìbẹ̀wò la ń lọ ṣe. Iṣẹ́ wolé-wolé la ń lọ.

Àdúgbò Ìsìkàn la kọ́kọ́ dé, níbi tí Ẹ̀bùn gbé gba yàrá. Onílé rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ọmọ Àkúrẹ́, jókòó sí ìloro, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Éè sí lúlé," ló sọ fún wa, pé kò sí nílé, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ò jókòó. Ó yọjú sí fèrèsé, ó rìn yí ilé náà ká, ó ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi wò, ó wá bi ìyá náà pé ọkùnrin mélòó ló máa ń wá sí yàrá yẹn. Ìyá náà gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "ṣé ọmọ yín lẹ wá kí ni, àbí ẹ fẹ́ ra ilé mi?"

Ojú tì mí débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá náà ṣa ẹ̀wà. Bàbá ní tirẹ̀, ojú ò tì í rárá. Ó ní dúrọ́ọ̀mù náà mọ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ó dùn ún pé kò rí tanwíji kankan níbẹ̀.

A bá Ẹ̀bùn ní ọ́fíìsì rẹ̀. Òun àti olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ọlálékan ló jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, àwòrán òkun sì wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù. Ẹ̀bùn fò dìde, ó kúnlẹ̀, ẹnu sì yà á. Ọlálékan dọ̀bálẹ̀, ó sáré lọ gbé omi inú ọ̀rá wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá wo omi náà, ó wo Ọlálékan, ó gbé omi náà sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ti bàjẹ́ lójú rẹ̀ láti ìṣẹ́jú yẹn lọ.

"Èwo ni òkun níbẹ̀?" ni Bàbá wí lórí ìdúró.

Ẹ̀bùn nawọ́ sí i. Ó fi erékùṣù hàn án, ẹyọ ẹyọ, ó sì fi ibi tí etíkun tiwa wà hàn án. Ó ní bí omi tó yí àwọn erékùṣù yẹn ká bá gbóná, ooru omi á máa gòkè, òjò á dúró sórí wa níhìn-ín, kò ní lọ. Ó ní bí oṣù keje bá ń wọlé, omi tútù máa ń jáde láti ìsàlẹ̀ òkun wá sójú. Òun ló ń lé òjò lọ sí apá Òkè-Ọya, tí tiwa fi ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Òun ni à ń dúró dè kó kọjá kí a tó gbin àgbàdo àrọ̀kúrò. Ẹni tó bá gbìn ín ṣáájú, oòrùn á jó èèhù rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ rí pé láti abẹ́ òkun ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Wá ọdún tí ìyá rẹ kú."

Ọwọ́ Ẹ̀bùn dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà yọ, gbogbo àyíká erékùṣù pọ́n. Ó ní, "Òkun gbóná lọ́dún yẹn, Bàbá. Omi tútù ò jáde tó bó ṣe yẹ. Kò yẹ kí ìsinmi òjò ti sí." Inú oṣù kẹjọ la sìnkú ìyá rẹ̀, abọ́ ni wọ́n sì fi ń gbọ́n omi òjò nínú sàréè kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀.

Bàbá wúkọ́. "Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Òjò pọ̀ lọ́dún yẹn náà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ọ̀dá ló dá lọ́dún yẹn, àgbàdo ò gbó. Pańpẹ́ ló dẹ fún ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ wúkọ́ kí Ẹ̀bùn lè mọ̀, Bàbá sì yí ojú sí mi kí n tó ya ẹnu.

Ẹ̀bùn wo àwòrán náà, ó mi orí. "Rárá o, Bàbá. Òkun tutù lọ́dún yẹn. Bí òjò bá pọ̀ ní Bọ́lọ́rundúró nígbà náà, èmi ò mọ ibi tó ti wá."

Bàbá fa àga, ó jókòó. Láti ìgbà tí a ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jókòó. Ó ní, "Ọdún yìí ńkọ́?"

"Ó gbóná, Bàbá. Bó bá dúró báyìí, kò ní sí ìsinmi òjò nínú oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n òkun ò ṣeé búra fún. Bí irú èyí bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀meje ló máa ń rí bí mo ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù, á yí padà. Ooru yẹn ń gòkè láti ọdún pípẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í gòkè tààrà. Á gòkè, á sọ̀ díẹ̀, á tún gòkè."

Ọlálékan náà dá sí i. Ó ní, "Bàbá, ká ṣì máa ṣọ́ ọ títí oṣù keje á fi dé." Bàbá yí ẹ̀yìn sí i.

Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń padà lọ sí Oǹdó, ó ń wo ojú ọ̀run. Lójijì ló ní, "Monílọ́lá, kòkó tí à ń gbìn yìí, ṣebí Fanandó Pó ni wọ́n ti mú un wá sílẹ̀ wa láyé àtijọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Ó ní, "Bí kòkó bá lè ti ibẹ̀ wá, kí ló dé tí òjò ò lè ti ibẹ̀ wá?" Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orókùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò rí i rí kó rí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn fún Ẹ̀bùn débi pé mo gbàgbé láti béèrè fóònù mi.

Ẹ ò mọ ẹni tí kì í gba nǹkan gbọ́. Bó bá gbà á gbọ́ tán, ẹ sá fún un. Ní Sátidé, Bàbá yá agogo ọwọ́ ìjọ wa ní Bọ́lọ́rundúró, ó ń lù ú kiri ojúlé bí ìgbà tí ìjọba bá ń kéde òfin. Ó ní kò ní sí ìsinmi òjò lọ́dún yìí. Ó ní kí kálukú gbin àgbàdo àrọ̀kúrò bó bá ti kó ti àkọ́rọ̀ tán, kó má dúró de oṣù kẹsàn-án. Ó ní ọmọ òun tó wà ní yunifásítì ló rí i.

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù ńkọ́, èyí tí Ẹ̀bùn ní ó lè yí padà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya dìndìnrìn. "Nígbà tí mo ń wọ ilé wọn," ló wí, "ṣé mo máa ń sọ fún wọn pé bóyá ẹ̀fọn á bù wọ́n, bóyá kò ní bù wọ́n? Ta ni ì bá da omi rẹ̀ nù?"

Àwọn ará oko gbà. Ìdí tí wọ́n fi gbà ni pé òun ló sọ ọ́. Wọ́n ní bí Wolé-wolé tí kì í gba omi mu lọ́wọ́ ẹ̀dá bá gba nǹkan gbọ́, ó ti di òtítọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló gbin àgbàdo kí oṣù keje tó dé ìdajì. Bàbá Kìtán, àgbàlagbà tí oko rẹ̀ bá ti Bàbá pààlà, ní òun ò tíì kó àgbàdo àkọ́rọ̀ òun tán, òun á gbìn tó bá yá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, mi ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá àti lẹ́nu Ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ sì bára mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, Ẹ̀bùn pe Bàbá lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, òkun ti ń yí padà. Omi tútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù, ó sì yá ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn tí kò tíì gbin àgbàdo pé kí wọ́n dúró."

Bàbá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?"

"Ọlálékan ni, Bàbá. Òun náà rí i."

"Ṣé òun ló ní kí o yí ọ̀rọ̀ padà?"

"Bàbá, òkun ló yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ó ní, "Ó dáa." Ẹ̀bùn, tó mọ irú "ó dáa" tí Bàbá máa ń sọ, tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ní, "Mo ti gbọ́." Ọmọ náà wá fi ọkàn balẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá òun ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ọmọkùnrin olómi inú ọ̀rá yẹn ló ń dà á lórí rú, pé kò fẹ́ kí orúkọ ọmọbìnrin lásán yọ ju tirẹ̀ lọ. Èyí ló ń bí mi nínú títí dòní. Ó gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́, ó sì fi bora bí aṣọ òtútù. Ọmọ tó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò gbà gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá Kìtán yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti ro ilẹ̀ òun tán. "Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé kí n gbìn ín?"

Bàbá ní, "Gbìn ín."

Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa wọlé, òjò ti dáwọ́ dúró. Ìsinmi òjò ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ sán, èèhù àgbàdo pọ́n, ó sì wó lulẹ̀ ní gbogbo oko. Irúgbìn tí àwọn èèyàn ti fi pamọ́ látọdún tó kọjá ti wà nínú ilẹ̀, kò sí òmíràn. Ẹnu wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, etí gbọ́ ọ, inú bàjẹ́. Wọ́n ní Ẹ̀bùn ò ṣèèṣì. Wọ́n ní ta ló ń fi òyìnbó ṣe ọ̀rẹ́ lásán? Wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ oko yìí, pé bí ebi bá pa àgbẹ̀ tán, ilẹ̀ ò ní wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ Wolé-wolé ló jẹ́ yẹn. Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ní òun ti rí i tipẹ́ lójú rẹ̀. Bí ìfura ṣe ń ràn nìyẹn. Bí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Bàbá wà láàárín wọn, ó ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Èmi ni mo pe Ẹ̀bùn pé orúkọ rẹ̀ ń bàjẹ́. Ó gbéra láti Àkúrẹ́, ó dé ní ọjọ́ ìsinmi, a sì jọ wà ní ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo èèyàn kó jọ sábẹ́ igi nínú ọgbà. Adélaní Májẹ́kódùnmí, alága àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọmọ wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọ jà. Ohun kan la fẹ́ mọ̀. Ta ló rán ọ sí wa?"

Ẹ̀bùn ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Òkun ló yí padà nínú oṣù keje. Mo sì ti sọ..." Ó dúró. Ó wo bàbá rẹ̀. Èmi náà wo Bàbá, mo rí i pé ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀.

"O ti sọ kí ni?" ni Májẹ́kódùnmí wí.

Ó ti yé Ẹ̀bùn pé bàbá òun ò jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán an. Ọmọ wo ló máa dúró níwájú gbogbo ìjọ, kó na ìka sí bàbá tó bí i? Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjọ lára. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ forí jì mí."

"O ò sì lè sọ ẹni tó rán ọ?" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ wa ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!" Ariwo sọ. Obìnrin tó ní òun ti rí i tipẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀bùn wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Mo ti ya ẹnu tán kí Bàbá tó dìde.

Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí dìde." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ, ohùn wolé-wolé ayé ọjọ́un ló fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn dákẹ́.

"Ó pè mí lórí fóònù nínú oṣù keje. Ó ní òkun ti yí padà, pé kí n sọ fún yín kí ẹ má gbìn mọ́. Ó bẹ̀ mí. Mi ò sọ fún yín."

Bàbá Kìtán fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé kí n tó gbin tèmi ni ó ti pè yín, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ó ti pè mí kí ẹ tó gbìn ín."

"Ọjọ́ tí mo wá bi yín?"

"Ó ti pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Kí ló dé?"

Bàbá ní, "Mo rò pé ẹnìkan ń tàn án ni."

"Ta ni?" ni Bàbá Kìtán bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bàbá ò rí orúkọ kankan dá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò purọ́, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bá. Òun fúnra rẹ̀ ló sì jù ú.

Ẹ̀bùn ti dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orókùn, ó lọ bá Májẹ́kódùnmí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún un. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ohun tí òkun ń ṣe, kí wọ́n máa pe òun fúnra òun, àti pé bí òun ò bá mọ̀, òun á sọ fún wọn pé òun ò mọ̀. Àwọn èèyàn yọ fóònù, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà náà. Bàbá Kìtán tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bùn kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá," ó gun ọ̀kadà, ó padà s'Àkúrẹ́.

Ẹ má rò pé ó pa á tì. Ẹ̀bùn ń pe bàbá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á kí i, á bi í nípa orókùn rẹ̀ tó ń dùn ún, á ní òun wà dáadáa. Bí Bàbá bá wá béèrè pé báwo ni òkun, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bi Bàbá Kìtán. Mo ti sọ fún wọn lórí Wásáàpù." Bàbá ò ní Wásáàpù. Ó ní àwọn tó ṣe é ń ka ọ̀rọ̀ èèyàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ ní Bọ́lọ́rundúró, lákòókò àdúrà. Àwọn ará oko ti kórè dáadáa lọ́dún yẹn, ara wọn sì yá gágá. Ẹni tó ń darí àdúrà ka orúkọ àwọn aláìsàn, ó ka ti àwọn opó, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká rántí ọmọ wa Ẹ̀bùnolúwa Adébùsóyè, tó wà lójú òkun báyìí pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí, tí ọkọ̀ wọn ń lọ sí Sàó Tomé. Kí Olúwa mú un dé ibẹ̀, kó sì mú un padà wálé láyọ̀."

Bàbá yí ojú sí mi. Ó rọra wí pé, "Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kìtán ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀."

Ó yí ojú padà síwájú, ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Gbogbo ìjọ ti ṣe àmín tán kó tó ṣe tirẹ̀.